Pẹpẹ Tí Kò Ní Ìṣó

Ọmọ Káfíńtà ni gbogbo mùsíọ́mù ń pe ìyá kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì ló ń dì mú, kì í ṣe òòlù. Ogún ọdún ló ti fi ń kọ àkọlé síbẹ̀. Kò sí kòkòrò kan nínú gíláàsì tí kì í ṣe òun ló kọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló ṣe pẹpẹ onípele méje tó wà ní gbọ̀ngàn, tó ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Ekòló àti ìgbín wà nísàlẹ̀, ẹja lé wọn, ẹyẹ lé ẹja, ẹranko lé ẹyẹ. Ká ní àwọn onímọ̀ ayé ijọ́un dúró níbẹ̀, kò bá sí ìjà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ nǹkan-án tò kì í gbélẹ̀. Wọ́n fi amọ̀ funfun mọ orí ènìyàn, wọ́n tò wọ́n sí ìpele mẹ́ta tó kù, wọ́n ní bí ẹyẹ ṣe ju ekòló lọ ni ìran kan ṣe fi ọ̀làjú ju òmíràn lọ. Orí tó wà ní ìpele karùn-ún, ojú bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ní kó jókòó kí wọ́n mọ ojú rẹ̀. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n tún gbọ̀ngàn náà ṣí, tí wọ́n ti kó ẹrù pẹpẹ sílẹ̀ láti nù ún, ọ̀gá mùsíọ́mù gbé ìwé kan lé e lọ́wọ́.

“Ẹ bá mi tún àkọlé ìpele karùn-ún kọ. Ti tẹ́lẹ̀ ti parẹ́.”

Ó kà á: *Àwọn Tí Ọ̀làjú Kò Tíì Dé Ọ̀dọ̀ Wọn.* Inú bí i.

“Mi ò ní kọ ọ́, sà.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yín lẹ fi ń ṣeré yẹn?”

“Mo mọ̀. Ẹ bá mi wá ìṣó kan ṣoṣo lára pẹpẹ yìí ná. Tẹ́ ẹ bá rí i, mo máa kọ ọ́.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ abẹ́ wò, ó yẹ ẹ̀yìn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún pákó. Kò rí nǹkan kan. Bàbá yẹn kì í fi irin gún igi. Èèkàn igi ló fi dè é, ó sì ti fi ibi tí wọ́n wà han ọmọ rẹ̀ kó tó kú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rọ́pò.

Ọmọ Káfíńtà fa àwọn èèkàn náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan rọra rì sínú àpótí abẹ́ rẹ̀, títí méjèèje fi ga bákan náà, tí wọ́n di tábìlì gígùn kan.

Ọ̀gá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú tábìlì náà. Kò mọ ibi tí pákó kan ti pàdé èkejì.

“Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?”

Ìyá náà gbé orí amọ̀ bàbá rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó nù ún. Ayọ̀ kún inú rẹ̀.

Ọ̀gá gba ìwé náà padà, ó ká a sápò.

“Kí lẹ máa wá kọ?”

Ìyá náà ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Káfíńtà. Òun ló ṣe tábìlì tí gbogbo wa wà lórí rẹ̀.*