Kẹ̀kẹ́ Akúnlẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó jí wa lónìí, tó sì fún ẹsẹ̀ wa lágbára láti rìn. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ìtàn náà kò gùn, ṣùgbọ́n èéfín ló fi bẹ̀rẹ̀.

Èéfín ló ṣáájú àbúrò Ìyá Sípánà dé. Obìnrin náà ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtúnkẹ̀kẹ́ṣe rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, kó sì tó gbé orí sókè, àbúrò náà ti yọ, ó ń sáré, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ olóríkunkun, èéfín dúdú sì ń rú lábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà.

“Ẹ̀gbọ́n mi! Ó ń jó! Ó ń jó o!”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ẹni tí kì í dààmú kò lè mira. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn, kò sì tíì pé wákàtí kan tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ rántí iṣẹ́. Ó já bátìrì kúrò, ó tẹ́ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó bu iyanrìn nínú garawa ẹnu ọ̀nà, ó dà á lé e lórí. Èéfín náà rú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kú.

“Ìyá Sípánà,” ni télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà fi pè é, “ẹ ò sọ fún wa pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹran!”

“Télọ̀, máa rán aṣọ rẹ, kí n má baà fi abẹ́rẹ́ rẹ rán ẹnu rẹ.” Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. “Ṣé kò jó ọ?”

“Kò jó mi.”

“Búrẹ́dì ńkọ́?”

“Ó wà ní igun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ta ló ń ṣọ́ ọ?”

Àbúrò náà wolẹ̀. “Ọlọ́run.”

“Ọlọ́run yẹn náà ló dá àwọn ajá tó wà ní igun yẹn. Gbé kẹ̀kẹ́ rẹ àtijọ́. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méje lù. Máa lọ!”

Ó fò gun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ náà, ó lọ. Ìyá Sípánà dúró, iyanrìn lọ́wọ́.

Ọ̀gá ilé búrẹ́dì ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí búrẹ́dì àbúrò rẹ̀ bá tún pẹ́ dé àwọn ṣọ́ọ̀bù orí òkè lẹ́ẹ̀kan péré, ẹlòmíràn ni yóò máa gbé e. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Ọ̀nà òkè yẹn náà ni bàbá wọn kú sí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì tirẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Láti oṣù mẹ́rin sí ìsinsìnyí, àbúrò náà ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì bó bá ń jẹun, ó sì ń sùn bí òkúta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ rí dókítà. Ó ní kò sí nǹkan. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Gbogbo Ọjọ́rú ni Ìyá Sípánà fi ń gbààwẹ̀ nítorí ọkàn àbúrò rẹ̀.

Bó ti ń gbààwẹ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́, torí ó gbà pé Ọlọ́run kò kọ sípánà. Kẹ̀kẹ́ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè olókùúta, tó ní sípíríǹgì níwájú, tó tún ní lẹ́yìn. Ẹni tó gbé e wá fún àtúnṣe ti kó lọ sílùú mìíràn, ó ní kó máa fi ṣe tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Akúnlẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò sọ ọ́, torí bí èèyàn bá ti jókòó lé e, á rọra rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà.

Ìyá Sípánà tú irin tí pẹ́dà ń yí lé kúrò, ó ki ẹ̀rọ oníná bọ ihò ibẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa fa ṣéènì láti ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn kò le. Ibi tí bátìrì yóò wà ló le. Kẹ̀kẹ́ lásán ní àlàfo gbayawu láàárín irin rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń so bátìrì sí. Ní ti Akúnlẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn ló jókòó sáàárín ibẹ̀ bí onílé. Ó wá so bátìrì mọ́ abẹ́ irin òkè, ó fi àlàfo ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín wáyà rẹ̀ àti apá irin tí ń lọ sókè sódò bí kẹ̀kẹ́ bá ń kúnlẹ̀. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti ń ṣìnà. Wọn á so gbogbo nǹkan nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ṣì kọ́ sókè, wọn á gbàgbé pé èèyàn ń bọ̀ wá jókòó lé e. Òun kò gbàgbé. Ó gbé àbúrò rẹ̀ gun òṣùwọ̀n, ó gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀ náà gùn ún. Ó wá di àpò iyanrìn tó wúwo tó àwọn méjèèjì pọ̀, ó gbé e lé kẹ̀kẹ́. Ìka méjì ṣì kù. Ó yin Olúwa, ó sì ta epo sí ṣéènì.

Kí ló dé wá tó fi jó?

Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbọn iyanrìn kúrò. Fíúsì ti jó, bátìrì kò ní àléébù kan. Wáyà ni apá irin gé jẹ bí eku. Apá irin náà ti dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ó wá wo òrùka.

Òrùka rọ́bà kékeré kan wà lára ọ̀pá sípíríǹgì tó ń dán. Bí kẹ̀kẹ́ bá kúnlẹ̀, òrùka náà á sún. Bí kẹ̀kẹ́ bá dìde, òrùka á dúró síbi tí ìkúnlẹ̀ parí sí. Ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ ni. Ìyá Sípánà ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó yẹ kó dúró.

Kò sí níbi àmì. Ó ti kọjá rẹ̀, ó ti lọ dé ìpẹ̀kun ọ̀pá, ó fún mọ́ ibẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé kan ògiri.

Ọmọ ìyá rẹ̀ kò lè sanra bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹrù èèyàn méjì nìyí! Níbo ló ti rí ẹrù tí kò jẹ́ tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn burú tó bẹ́ẹ̀ tó fi ọwọ́ bo ẹnu, bí ẹni pé ó ti sọ ọ́ jáde: olè.

“Télọ̀, bá mi wo ṣọ́ọ̀bù.”

“Níbo lẹ ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ wo ohun tí Ọlọ́run ń ṣọ́.”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé igun ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń fi okùn so apẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Apẹ̀rẹ̀ méjì. Aláwọ̀ ewé ló wà lẹ́yìn, àwọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, torí apẹ̀rẹ̀ olúkúlùkù ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n pupa ló wà níwájú, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ pupa ní ilé búrẹ́dì náà.

Ẹni náà jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ síwájú, aṣọ ni ó fi di orúnkún rẹ̀, kẹ̀kẹ́ òfìfo tirẹ̀ sì fara ti ògiri. Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ ni, tó ti ń gbé búrẹ́dì láti ìgbà ayé bàbá wọn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Sípánà kò ti kí ọkùnrin yìí. Lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú, àwọn èèyàn rí Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ tó gun òkè kọjá níbi tí bàbá wọn jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sọ̀ kalẹ̀. Kò dúró.

“Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?” ni Ìyá Sípánà wí.

Okùn bọ́ lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀.”

“O ò ṣàìsàn. Ẹrù méjì lò ń gbé.”

“Mo ti sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó ṣe mí.”

“Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń gbààwẹ̀! Gbogbo ebi yẹn!”

Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. “Ọmọ mi, èmi ni kí o bá wí. Bí ọ̀gá bá mọ̀ pé orúnkún mi ti kọṣẹ́, á dá mi dúró. Mo máa ń ti ẹrù mi jáde ní géètì kí wọ́n rí mi. Bí mo bá ti dé igun yìí, àbúrò rẹ á gbà á.”

“Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ gun òkè kọjá lára bàbá wa, tí ẹ ò dúró!”

Ọkùnrin àgbà náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò rẹ̀ wí jẹ́ẹ́, “apẹ̀rẹ̀ mélòó lẹ rò pé ó wà lórí kẹ̀kẹ́ wọn lọ́jọ́ náà?”

Àbúrò náà na ìka méjì sókè.

“Méjì ni. Tiwọn àti ti bàbá. Mo bá apẹ̀rẹ̀ búlúù bàbá nínú yàrá wọn ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí mo lọ wò wọ́n lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Wọn ò jù ú nù.”

“Bàbá yín ló ní kí n máa lọ,” ni Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ wí. “Ó ní búrẹ́dì ò gbọdọ̀ pẹ́. Ó ní òun á sinmi díẹ̀. Ọdún méjì la fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ní igun yìí náà, torí ọkàn rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní òun lọ́mọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ òun ò gbọdọ̀ bọ́ kí ọmọ náà tó parí. Nígbà tí mo fi máa sọ̀ kalẹ̀ padà…” Ó mi orí.

Ọdún méjì. Sípánà tó wà lápò Ìyá Sípánà, èyí tí bàbá rẹ̀ rà fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, wúwo mọ́ ọn lára bí òkúta.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?” ni ó bi àbúrò rẹ̀.

“Bí mo bá ti pe orúkọ wọn, ẹ máa ń dìde kúrò níbẹ̀.”

Òkè wà níwájú wọn, ó dúró gangan. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá Sípánà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti apẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

“Kí lò ń wò? Wà á!”

Bí wọ́n ṣe gun òkè náà nìyẹn, àbúrò ń wà á, ẹ̀gbọ́n ń tì í. Wọn kò tíì dé àárín ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n fi ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó ń tì í lọ. Nígbà tí wọ́n dé òkè, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò ni.

“Ẹ ti tètè dé lónìí o!” ni onítọ̀hún wí. Ìyá Sípánà fẹ́ rẹ́rìn-ín, èémí kò jẹ́.

Ní ọ̀sán, ó pààrọ̀ wáyà àti fíúsì. Ó gbé ojú ọ̀nà wáyà gba ẹ̀gbẹ́ bátìrì lókè, níbi tí apá irin kò lè dé láéláé, bí erin tilẹ̀ jókòó lé kẹ̀kẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà, ó tú ìjókòó, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń rẹ ìyẹn sílẹ̀ fún?” ni àbúrò rẹ̀ bi í. “Orúnkún mi á máa gbá mi lágbọ̀n.”

“Báwo ni ẹsẹ̀ Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ ti gùn tó?”

“Èmi wá ńkọ́?”

“Ìwọ? Ṣebí o ò ṣàìsàn.”

Télọ̀ tó ń gbọ́ wọn láti òdìkejì rẹ́rìn-ín títí tó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ mú Bàbá Jẹ́ẹ́jẹ́ wá. Wọ́n gbé e jókòó sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ pupa lé e lẹ́yìn. Ó tẹ pẹ́dà díẹ̀, kò ju bí èèyàn ṣe ń tẹ erùpẹ̀ wò bóyá ó rọ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ náà sì gbé e lọ, wúúrú, títí dé iwájú télọ̀. Ó ké bí ọmọdé. Orúnkún rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Nígbà tó padà dé, tó ṣì jókòó sórí kẹ̀kẹ́, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, Ìyá Sípánà kúnlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wo òrùka. Kò fi bẹ́ẹ̀ sún. Ọkùnrin náà ti fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ, òun àti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti wo ohun tó fẹ́ wò tán, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó gbójú sókè, láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá,” ni ó wí.

Ìwọ tí o bá mi dé ìhín, kí Ẹni tó ń rí ẹrù tí ojú èèyàn kò rí bá ọ gbé tìrẹ. Kí òkè rẹ má ga ju agbára rẹ lọ, kí o má sì ṣàìrí ẹni tí yóò tì ọ́ lẹ́yìn. Àmín.