Ibi Tí Ọmọ Náà Lọ

Èmi Súnkànmí kì í wo kàtúùnù. Àgbàlagbà tó bá jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà, mo máa ń wò ó pé kí ló ń ṣe é ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ojú mi sì ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi oorun du ara wọn nítorí kàtúùnù. Ojú ọ̀lẹ ni mo fi ń wò wọ́n.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fà á tí mo fi wo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Adébísí ni orúkọ rẹ̀, aṣọ ló ń rán ní Ìkọ̀lé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́ ọn nínú ilé wa. Láti ọjọ́ tó ti bí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni gbogbo wa ti ń pè é ní Ìyá Ìdùnnú. Òun náà kò jẹ́ pe orúkọ mi, torí pé mo ti dáyé kí wọ́n tó gbé e wọlé. Akọ̀wé ló ń pè mí, nítorí ìwé tí mo kà. Tí inú rẹ̀ bá dùn, ó máa ń fà á gùn bí ẹni ń kí ọba, èmi náà á sì máa yan.

Ìdùnnú kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Àìsàn arọmọléegun ni wọ́n bí mọ́ ọn. A gbé e dé Ìdó, àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, èmi àti Bàbá Ẹlúyẹmí, olórí ẹbí wa, ti gbé e lọ sin. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọmọ ní í sin òbí, òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ibi tí a sin ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, a ti kó aṣọ rẹ̀ lọ, a ti yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, a sì ti yí orúkọ ìyá rẹ̀ padà. Ìyá Dèjì la wá ń pè é, nítorí Adédèjì àbúrò Ìdùnnú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yẹn mọ́. Àánú ni. Ẹni tó bá ní kì í ṣe àánú, mo ṣe tán láti bá a jà.

Lóṣù tó kọjá, Ìyá Dèjì pè mí lórí fóònù.

"Akọ̀wé, ẹ bá mi wá kàtúùnù kan. Èyí tí Ìdùnnú máa ń wò."

Orúkọ náà gún mi létí. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi kàtúùnù ṣe.

"Ẹ ti kó gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ," ó ní. "Ìyẹn nìkan lẹ ò rí kó."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Àwọn ará Japáànù ló ṣe é, nípa obìnrin kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá odò, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Mo béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ́fíìsì wa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní i, ó tilẹ̀ jẹ́ méjì lọ́wọ́ òun: èyí tí àwọn Òyìnbó gé, tí wọ́n tún tò fún àwọn ọmọ tiwọn, àti ògidì rẹ̀ bó ṣe ti Japáànù wá. Ó da méjèèjì sí kọ̀ǹpútà mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ takisí lọ sí Ìkọ̀lé. Ayọ̀wálé ẹ̀gbọ́n mi ti mú Dèjì lọ sí Ààyè lọ wo oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí tábìlì tí Ìyá Dèjì fi ń gé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì jókòó. Ti Òyìnbó la kọ́kọ́ fi sí i. Ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí, ètè rẹ̀ ń bá wọn mì, torí pé ọmọ rẹ̀ ti fi kọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà la fi ògidì sí i. Èdè Japáànù ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọ́n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń yára kọjá, èmi ni mò ń kà á tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún un.

Ìyàtọ̀ wọn ò kéré. Nínú ti Òyìnbó, Nẹ́lì ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń jẹ́ Tímì. Nínú ògidì, Náò àti Sóta ni wọ́n. Àwọn ọmọ náà ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ rọ, tí wọ́n fi ewé dúdú wé, Òyìnbó ní búrẹ́dì ni, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì la ń fojú wa rí lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi. Ta ló sọ fún wọn pé ọmọ Ìkọ̀lé ò mọ ìrẹsì?

"Akọ̀wé wa," Ìyá Dèjì ní, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ kì í wo kàtúùnù."

Ó rẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé ó rẹ́rìn-ín. Ibi tí odò ti ń ṣàn jẹ́ẹ́ nínú ògidì, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, Òyìnbó da orin sí i, wọ́n tún wá ẹnìkan tí yóò máa sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, bí ẹni pé ìdákẹ́jẹ́ á pa ọmọdé lára. Bí a ṣe rí èyí là ń dá a dúró, tí à ń padà sí tèkejì láti fi wéra. Kí n má purọ́, mo ń gbádùn rẹ̀.

Báyìí la ṣe dé ibi tí odò ti kún. Nínú ti Òyìnbó, Tímì lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ìlú ńlá, kò sì padà wá títí eré náà fi parí.

"Ibí yìí máa ń da ọmọ mi láàmú," Ìyá Dèjì ní. "Gbogbo ìgbà ló máa ń bi mí pé, 'Màámi, ṣé ọmọ yẹn ò lè pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù ni?' Èmi á ní bóyá kò ní fóònù."

Mo fi ògidì sí i. Omi gbé Sóta lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú òkúta sàréè kan lórí òkè, ó ń da omi sí i lórí, ó ń fọwọ́ nù ún, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ yẹn?" Ìyá Dèjì bi mí.

Mo ní, "Wọ́n ní ọmọ náà ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀."

Kò wo ojú mi. "Akọ̀wé, mo ṣe tán ní sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lọ kọ́ṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ikú ní Gẹ̀ẹ́sì."

Mo na ọwọ́ kí n pa kọ̀ǹpútà náà, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyá yìí mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà," ó ní. "Níbo lẹ gbé Ìdùnnú sí?"

Ìbínú ni mo fi dá a lóhùn. Mo bi í bóyá kàtúùnù ló fẹ́ wá kọ́ wa ní ohun tí àwọn bàbá wa ń ṣe. Mo ní èèwọ̀ ni, ó sì mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Nígbà tó kú, ẹ ní kí n jáde," ó ní. "Nígbà tẹ́ ẹ sin ín, ẹ tì mí mọ́ ulé. Ẹ kó aṣọ rẹ̀, ẹ gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Títí di òní, tí ọmọ kan bá kan ilẹ̀kùn, òun ni mo máa ń rò pé ó dé. Kí lẹ fi hàn mí tí n óò fi gbà pé ó kú? Bí ọmọ inú kàtúùnù tó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lẹ ṣe é fún mi."

Ó dùn mí wọra. Mo dìde, mo lọ bá Bàbá Ẹlúyẹmí. Iwájú ilé ni mo ti bá a, ó jókòó sórí àga, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Súnkànmí," ó ní, "ukú ọmọ kì í ṣe ohun tí ùyá ń fojú rí. Tó bá mọ ulẹ̀ tó gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò níí kúrò níbẹ̀. Dèjì wà nínú ulé tó yẹ kó tọ́jú."

"Bàbá, ó ní òun ò tíì gbà pé ó kú."

"Á gbà tó bá yá."

"Ọdún kejì rèé, sà."

"Èmi náà bí méjì tí n kò mọ ulẹ̀ wọn," ó ní. "Mo ṣì ń jẹun." Ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mi ò níí tẹ̀ lé ẹ lọ. Mi ò sì ní kí o má lọ."

Nígbà tí mo padà, Ìyá Dèjì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti wé gèlè. Mo pe ọ̀kadà méjì, a gba ọ̀nà Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí oko ẹbí wa. Lójú ọ̀nà, mo ń rí ibẹ̀ lọ́kàn mi kedere. Lábẹ́ igi ọsàn kan ni a sin ín sí, orí rẹ̀ kọjú sí odò. A ò fi àmì kankan síbẹ̀, nítorí àmì ni ìyá máa ń tọ̀ lọ.

A dé oko náà, mi ò rí igi ọsàn. Ebè iṣu ni mo rí, láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé etí odò, ebè lórí ebè. Ọkùnrin tó ń dá oko náà fún Bàbá ti gé igi, ó ti kọ ebè sí gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun kan wà níbẹ̀. Ta ni ì bá sọ fún un, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí a kì í sọ ni?

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Òógùn bò mí. Ìyá Dèjì dúró, ó ń wo ọwọ́ mi, pé ibo ni n óò nà án sí. Ó rọrùn. Ebè kan ni n óò nawọ́ sí, òun á kúnlẹ̀ tì í, á sunkún, á sì padà sílé. Kò lè mọ̀ láéláé.

"Mi ò mọ ibẹ̀ mọ́," mo ní. "Igi ọsàn ni mo fi mọ̀ ọ́n, wọ́n ti gé e. Inú oko yìí ló wà, Ìyá Ìdùnnú. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo ń retí kí ó bú mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí ó bú mi. Ó kàn wo oko náà lọ wo bọ̀, bí ó ṣe máa ń wo aṣọ kí ó tó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ebè tó wà létí ọ̀nà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ó ní, "Ìdùnnú, èmi rèé o." Ó dìde, ó kúnlẹ̀ síwájú èkejì, ó gbé ọwọ́ lé òun náà, ó sọ bákan náà fún un.

Oko náà tóbi, oòrùn sì ti ń yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn. Mo bọ́ bàtà mi, mo lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì.