Ibi Tí Ọkọ Mi Gbé Mi Sí

Ẹ má bi mí bóyá ọkọ mi ń mutí. Ìbá kúkú máa mutí. Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà, nínú kọ̀ǹpútà, nínú pálọ̀, tòun ti ṣòkòtò àwọ̀sùn nídìí. Fíríjì ló ń bá àwọn èèyàn tún ṣe. Tó bá ti délé báyìí, ó di ọ̀gá rélùwéè.

Àdúgbò wa gan-an ló kọ́ síbẹ̀: ojú irin tó gba ẹ̀yìnkùlé, ibùdókọ̀ rélùwéè, títí kan ilé wa. Ó ṣí òrùlé rẹ̀ kí èèyàn lè máa wo inú. Èmi télọ̀ rèé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní igun pálọ̀, ìyá rẹ̀ rèé lórí àga. Ó máa ń fi í ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò gidi lápá kan, tiẹ̀ lápá kejì. Òfin wọn ni pé méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá bára mu, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n á fi ṣe.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi kú, a ò tíì sin wọ́n tó ti yọ wọ́n kúrò lórí àga. Mo ní, "Ẹ ò ṣe fi màmá sílẹ̀ ná?"

"Wọn ò sí níbẹ̀ mọ́," ó ní. "Ṣé kí n máa purọ́ ni?"

Inú bí mi, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jáde láìpa kọ̀ǹpútà, mo bá yọjú wo ara mi. Mi ò sí nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ gan-an ò sí. Tábìlì gbọọrọ ló wà ní igun mi, kọ̀ǹpútà méjì lórí ẹ̀. Mo wá obìnrin mìíràn ní yàrá, mo wá a dé kíṣìnnì, mi ò rí. Ìbá jẹ́ obìnrin ni, ǹ bá ti mọ ẹni tí màá bá jà. Ibùdókọ̀ ni mo ti wá rí ara mi, lábẹ́ aago, báàgì méjì lẹ́sẹ̀ mi. Ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, iṣẹ́ yìí gbayì. Fọ́tò gidi dà?"

Bó ṣe wọlé ni mo bi í pé, "Kí lẹ gbé mi lọ síbẹ̀ yẹn ṣe?"

Kò wojú mi. "Mo ti fẹ́ bá ẹ sọ ọ́. Àyè ò gbà wá mọ́. Lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Torí tábìlì?"

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ti rí i báyìí, télọ̀. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

Mo bú u, mo bú ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sunkún títí ohùn mi fi há. Ó jókòó, ó ń kun ògiri ibùdókọ̀ rẹ̀. Ilé ìyá rẹ̀ la ń gbé. Kí ni mo fẹ́ dì mú?

Lánàá, òun fúnra ẹ̀ ló gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀. Mo rò pé ojú ń tì í ni. Àfi bó ṣe yọ fóònù, tó fẹ̀yìn rìn díẹ̀.

"Sún sọ́wọ́ òsì. Abẹ́ aago lo wà. Má wò mí, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni kó o wò."

Pẹ̀lú gbogbo ẹnu tí mo ní yìí, mo sún, mo sì wo ibi tó ní kí n wò.