Kó Gbóná Díẹ̀ Sí I

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ìwọ̀n ooru ṣì wà ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Gbóná, jọ̀ọ́... gbóná díẹ̀ sí i. Kó kàn gun ọgọ́rin péré, kí n lè rí nǹkan dì mú. Eré tí mo lé káàdì àwòrán kọ̀ǹpútà yìí sá lọ́jọ́bọ̀ náà ni mo tún ń lé e sá báyìí, eré tó kọjá èyí tí àwọn tó ṣe é dá fún un, kò dín, kò lé. Iṣẹ́ kan náà ni mo gbé fún un, fídíò ilé ìwòsàn tí Nusaybah, àbúrò ìyàwó mi, ya lórí kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ nílé ìwé. Wákàtí kan gbáko. Fáànù ń fẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò tiẹ̀ pariwo. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Èmi Tàjùdéèn, èmi tí gbogbo wọn ń pè ní Enjiníà, mo jókòó sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ní Homewood, lókè òkun níbí, lọ́sàn-án Sọ́ńdè, mò ń bẹ ẹ̀rọ kó gbóná. Ṣé orí mi pé báyìí?

Tó bá gbóná, mo ṣì lè ní híjáàbù ni. Tí kò bá gbóná... tí kò bá gbóná, a jẹ́ pé —

Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀ yẹn. Láílọ́ọ̀nù. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Ìpara aláwọ̀ eérú ti gbẹ mọ́ ọn lójú kan, ojú kejì ṣì ń dán. Mi ò fẹ́ wò ó. Mo tún wò ó.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni mo tú láàárọ̀ tí mo fi bá a níbẹ̀, láàárín ojú bàbà kúlà, ohun tó ń mú káàdì tutù, àti ojú káàdì, níbi tí kò yẹ kí ohunkóhun wà àfi ìpara tó ń gba ooru kọjá yẹn. Bàbà ló yẹ kó máa fa ooru kúrò lára káàdì. Bàbà ò fara kan káàdì rí látọjọ́ tí mo ti dè wọ́n pọ̀! Kúlà tuntun, fáànù mẹ́ta. Èmi ni mo yàn án. Èmi náà ni mo ń fọ́nnu pé, "With this one, a lè lé e dé ibi tó bá wù wá, kò ní làágùn." Làágùn kẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó jóná. Mo ti yọ láílọ́ọ̀nù náà báyìí, mo sì ti tún wọn dè.

"Bùrọ̀dá, ṣé a ò ní yọ láílọ́ọ̀nù yìí ni?"

Yéè. Ó bi mí. Nusaybah dúró síbí lọ́jọ́ tí mò ń dè é, ó ń fi fóònù rẹ̀ tan iná fún mi, ó sì bi mí. Kí ni mo fún un lésì? "Fi sílẹ̀, kó má baà ha. Mo mọ ìgbà tí màá yọ ọ́." Mo mọ ìgbà... Fóònù mi bá dún. Uthman ọ̀rẹ́ mi ni, printer rẹ̀ ò gba ìwé, mo gòkè lọ, mo fi ogún ìṣẹ́jú ṣe ọ̀gá fún Uthman. Nígbà tí mo padà dé, Nusaybah ti lọ kírun. Mo fi ìpara sí káàdì, mo gbé kúlà lé e, mo dè é pinpin. Ṣé mi ò rí láílọ́ọ̀nù náà ni? Mo rí i. Mo kàn rí i gẹ́gẹ́ bí ara kúlà ni. Nílé wa ní Ìwó, bàbá mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ya láílọ́ọ̀nù ara àga. Ó gbó, ó ya fúnra rẹ̀, ó ń ha wá nídìí, a ṣì ń jókòó lé e. Rìmóòtù, láílọ́ọ̀nù. Fíríìjì, láílọ́ọ̀nù. Ohun tó bá ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù, tuntun ni. Èyí tó wà lójú máíkírówéèfù wa lókè ń lọ sí ọdún mẹ́fà, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Enjiníà!

Tí wọ́n bá gbọ́... wọn ò ní gbọ́. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́?

Lọ́jọ́bọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣú lójijì. Ó ku wákàtí mẹ́ta tí Nusaybah yóò fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́. Ó pariwo, mo sáré sọ̀ kalẹ̀, ooru gbá mi lójú. Nígbà náà ni mo rí híjáàbù dúdú rẹ̀. Yìnyín ti bá a níta, ó sá a sórí kọ̀ǹpútà kó lè tètè gbẹ. Inú mi dùn. Kí n sọ òótọ́, kò kúkú sẹ́ni tó ń gbọ́ mi, inú mi dùn pé mo rí híjáàbù yẹn.

"Ìwọ lo dáná sun ún! You blocked the air! Ta ló ń sá aṣọ sórí kọ̀ǹpútà?"

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà. Mo mọ̀. Híjáàbù ò dí nǹkan kan. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà... mo mọ̀ kí n tó la ẹnu.

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù yìí. "Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá." Àdùfẹ́ ìyàwó mi wà lórí àtẹ̀gùn, ó ti múra shift rẹ̀ ní Joliet, ó ní, "At least ó gbà. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde, pe Màámi, kó o sọ nǹkan tó o ṣe." Ó pe Màámi, ìyá wọn, nílé. Gbogbo wa ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó láti inú fóònù. "Nusaybah, ẹni tó gbà ẹ́ sílé, o wá ń ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?" Èmi náà dá sí i. Mo ní, "Màámi, ó ti tán, ọmọdé ló ń ṣe é." Màámi ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní Ọlọ́run á máa bá mi mú sùúrù tí mo ní. Mo ṣe àmín. Lóhùn rara!

Lọ́jọ́ Jímọ́ ńkọ́? A ti kírun tán, Alhaji Adéwọ̀yìn ní laptop àwọn ń gbóná. "Ẹ má sá aṣọ lé e o, Alhaji, bíi ti àna mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nusaybah wà níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wolẹ̀.

Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ń wí. Èmi ò kú, n ò sì jẹ ẹ̀sín. Mo gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

Mo lè jù ú síta. Kí ni láílọ́ọ̀nù? Màá ju ìdọ̀tí síta lálẹ́ òní náà kẹ̀. Màá ní mo tún un ṣe, màá ní mo rí ọgbọ́n dá sí i. Yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́la, kí ọjọ́ tí ilé ìwé sún síwájú fún un tó pé. Kò tún ní máa lọ tò sórí ìlà kọ̀ǹpútà ilé ìwé ní Evanston bó ṣe ń lọ látọjọ́ Jímọ́. Gbogbo wọn á tún yìn mí. Òun náà á dúpẹ́. Ó ti mọ̀ọ́ dúpẹ́ jù...

Láàárọ̀ yìí nínú mọ́tò, kó tó bọ́ sílẹ̀ ní stéṣọ̀n, kí ló tiẹ̀ wí? "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá sẹ́nì kan nílé, ẹ bá mi tú kúlà yẹn wò." Òun ló jẹ́ kí n tú u. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú, nígbà tí Àdùfẹ́ ti lọ. Ó tún sọ ọ́ lọ́jọ́ Jímọ́. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń tì í. Tí kò bá sẹ́nì kan nílé. Kí ló dé tí ò fi gbọdọ̀ sẹ́nì kan nílé?

Kúlà. Kò ní kí n tú kọ̀ǹpútà wò. Kúlà ló dárúkọ.

Ha.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó rántí. Ó mọ̀. Látorí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ ló ti mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ò yọ, ojú mi ló ń wò. "Ṣebí mo bi yín" péré ló kù kó sọ, níṣojú Àdùfẹ́, létí Màámi, kí n di ẹ̀sín. Kò sọ ọ́. Ó kó o mì. Ó wá ń wá ibi kọ́lọ́fín tí mo ti lè rí i fúnra mi, kí ojú má baà tì mí... Níbi tí èmi ti ń fi tirẹ̀ pa àwàdà nídìí bàtà.

Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Bóo bá fẹ́ o gbóná, bóo bá fẹ́ o tutù.

Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ á dé láago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi ni màá lọ gbé e. Yóò bọ́ sílẹ̀ nínú yìnyín, yóò tẹ eékún gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, yóò ní, "Ẹ kú ìdúró, Bùrọ̀dá." Màámi á gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Àdùfẹ́ á gbọ́. Alhaji náà á gbọ́, wọn ìbáà rẹ́rìn-ín títí di Iléyá. Àmọ́ òun ni àkọ́kọ́... Kí n tètè sọ ọ́. Kí n sọ ọ́ kó tó kúnlẹ̀.