Àdúrà Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Alágbàfọ̀

Kí àwọn bíríkìlà tó gbé òòlù lé ògiri pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Alhaji Yésúfù ní Ìkọ̀tún láti tún un ṣe, Alhaji pe àwọn ayálégbé jọ fún àdúrà. Òun fúnra rẹ̀ ṣe ti Mùsùlùmí. Ó wá yíjú sí Olúrẹ̀mí, alágbàfọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀.

"Ìyá Tìmílẹ́yìn, ẹ bá wa fi ti Jésù dì í."

Olúrẹ̀mí gbàdúrà tọkàntọkàn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Fífọ sùtánà funfun àwọn ìjọ ló fi ń jẹun. Àmọ́ látìgbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bó bá fọ̀ ọ́ tó sì sá a, kó tó gbẹ, eruku sìmẹ́ǹtì á ti sọ ọ́ di àwọ̀ eérú. Ọparun àti pákó dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà rò pé ó ti kó lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n fi tapólì bo ibi iṣẹ́ yìí," Olúrẹ̀mí bẹ Alhaji.

"Háà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kẹ́nikẹ́ni má dí wa lọ́wọ́? Àbí ẹ fẹ́ tú àdúrà yín ni?"

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín.

Ó lọ bá Báyọ̀dé, lọ́yà kan nínú ìjọ rẹ̀.

"Mà, onílé lè tún ilé ṣe, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni kẹ́ ẹ rí ṣọ́ọ̀bù yín lò. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí i."

"Kí n kọ̀wé ta ko ohun tí mo fi orúkọ Jésù súre fún?"

"Àdúrà kì í ṣe àdéhùn, mà."

"Ó ju àdéhùn lọ lójú tèmi, ọmọ mi."

Kò kọ̀wé.

Nígbà tó yá, Wòlíì Simeon wá kó aṣọ ìjọ rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè. "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ṣé eléyìí ni mo fẹ́ wọ̀ dé iwájú pẹpẹ?" Ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ mìíràn ní Baruwa. Àwọn ìjọ yòókù tẹ̀ lé e. Orin tí Olúrẹ̀mí máa ń kọ nídìí ìlọṣọ dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kun ilé tán, ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Alhaji pe àdúrà ìdúpẹ́. Kò sí ìkà kankan lójú rẹ̀.

"Ìyá Tìmílẹ́yìn, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ bá wa dì í bíi ti ìjọ́sí."

Olúrẹ̀mí di ojú.

"Olúwa..."

Wọ́n dúró kó parí rẹ̀.

"Àmín," Alhaji wí.