Máàkì fún Pákó Tí Kò Dún

Gbà-gà, gbà-gà, gbà-gà. Bí pákó afárá Kuje ní Amuwo ṣe máa ń dún lábẹ́ bàtà àwọn ọmọ iléèwé láràárọ̀ nìyẹn, nígbà tí Olúfẹ́mi Akínfẹ́nwá ṣì ń kọ́ wọn ní àròkọ kíkọ ní Festac. Á ti gbọ́ wọn kó tó rí wọn. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, níbi tí yìnyín ti ń pa ìró ẹsẹ̀, àmọ́ ìró yẹn ò kúrò létí rẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Tẹjúmádé pè é. Ọmọ tó kọ́ nígbà kan ni. Òun náà ti di olùkọ́ Yorùbá ní Amuwo báyìí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ ti wo ìlànà ìmáàkì tí mo fi ránṣẹ́? Mọ́ńdè la fẹ́ fọwọ́ sí i o."

"Mo ti wò ó. Kókó-ọ̀rọ̀, ìṣètò, èdè, àkọtọ́. Ó mọ́ tónítóní. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá kan tó máa ń fi bírò pupa gbá wa lórí ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kí ló wá dé?"

Àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì ló ń da Tẹjúmádé láàmú. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni: Àdúgbò Mi. Henry gba mẹ́tàdínlógún nínú ogún. Inúmidùn gba mẹ́jọ. Ẹni tí kò bá sì gba mẹ́wàá kò ní wọ kíláàsì lítíréṣọ̀.

"Bẹ́ẹ̀, sà, ti Inúmidùn ni mo kà tí mo tún un kà. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, Mísítà Ernest, ní ohun tó bá ṣáà ti dùn mọ́ olùkọ́ nínú kò ṣe é máàkì. Wọ́n ní ká má padà síbi tí olùkọ́ ti ń fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní máàkì."

Òótọ́ lọ̀gá sọ. Bàbá ní kó fi àròkọ méjèèjì ránṣẹ́.

Ti Henry ń dán. Àwọn èèyàn àdúgbò rẹ̀ kóni mọ́ra, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Ó lè jẹ́ Festac, ó lè jẹ́ Ìbàdàn, ó lè jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé rí. Ti Inúmidùn ò ní ìfáàrà, àmì ohùn rẹ̀ sì ṣìnà káàkiri. Àmọ́ láàárín ojú ìwé, ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Tí omi bá kún lóru, pákó afárá Kuje kì í dún láàárọ̀. Tí màmá mi ò bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, wọ́n á ní ká bọ́ bàtà wa dání."

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi gbọ́ afárá yẹn, kò mọ ohun tó ń mú un dákẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó kọ ìdáhùn, ó pa á rẹ́. Tó bá ní kí wọ́n ṣáà fún ọmọ náà ní máàkì, Ernest á rẹ́rìn-ín. Ohun tí olùkọ́ méjì lè fìka tọ́ka sí lójú ìwé ló ń wá. Tíì rẹ̀ ti tutù kó tó rí i. Ó wá fi ránṣẹ́:

"Tẹjú, ẹ yọ máàkì márùn-ún lára ìṣètò àti àkọtọ́, kẹ́ ẹ fi ṣe ìlà karùn-ún: Ṣé ohun kan wà nínú àròkọ náà tó jẹ́ pé ẹni tó dé àdúgbò yẹn nìkan ló lè mọ̀ ọ́n? Kí olùkọ́ méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ohun náà. Bí ìlà méjèèjì bá bọ́ síbì kan náà, kí ọmọ gbà á. Kí Ernest fi ti Henry dán an wò. Kí Inúmidùn náà lọ kọ́ àmì ohùn o. Kó o sì bá mi bi í: ṣé omi ṣì ń bo afárá yẹn?"