Irun Tó Ní Gbòǹgbò

Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin náà gbá pákó gbàà! Ọmọbìnrin náà fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

"Eṣinṣin ló ń lé," ni bàbá rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. "Àbí ìwọ náà ti di eṣinṣin?"

Kò rẹ́rìn-ín. Àpòòwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti rọ̀ fún òógùn. Wọ́n ti fi irun ẹṣin yìí ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí ni dókítà ẹran gbé e padà wá, ó tú u sílẹ̀ lójú bàbá.

"Àbúrò mi, sísọ́ọ̀sì lo fi gé e, àbí? Inú gbòǹgbò ni ohun tí à ń wá wà. Irun tí a gé kò mọ bàbá, kò mọ ìyá. Fífà ni kí o fà á tu."

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ló bà mí, kó má baà ta mí nípàá."

Wọ́n gbà á gbọ́. Dókítà lọ jókòó sínú ọkọ̀ níta, ó ń dúró.

Ìyá ẹṣin yìí ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó wó lulẹ̀, kò lè dìde mọ́, ó lajú sílẹ̀ títí wọ́n fi gún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tó gbẹ̀mí rẹ̀. Dókítà ní àrùn náà máa ń ti ara ìyá dé ara ọmọ. Bí irun bá fi lè jẹ́rìí pé ó wà lára ọmọ, wọn ò ní jẹ́ kó jìyà tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni. Ọmọ ọ̀hún sì rèé, ike wàrà ni ọmọbìnrin náà fi wò ó dàgbà.

Ẹni tó gbé odó mì, ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí. Ó sún mọ́ ọn. Ó ti ọwọ́ bọ gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀, ó wé irun díẹ̀ mọ́ ìka nítòsí awọ, ó dijú, ó fà á.

Ẹṣin kò tapá. Ó kàn mí kanlẹ̀, ó wá gbé àgbọ̀n lé e léjìká, bó ti máa ń ṣe láti kékeré.

"Ṣé o rí i?" ni bàbá wí. "Ẹ̀rù lásán!"

Ó gbé irun náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Gbòǹgbò wà nídìí rẹ̀, funfun, ó kéré bí ẹyin iná orí. Ó kó o sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí dókítà wá ló ti sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n fà á tu. Ọmọbìnrin náà gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa kó tó lọ mú sísọ́ọ̀sì.

"Bàbá," ó ní, àgbọ̀n ẹṣin ṣì wà léjìká rẹ̀, "ẹ bá mi gbé e fún wọn. Kíá, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá wo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ gba àpòòwé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dá àpárá kankan.